Ìwé Orin Tí Wọ́n Dorí Rẹ̀ Kodò

Ọjọ́ tí Máyọ̀kún kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù Àṣàkẹ́ ní Àgùdà, aṣọ rẹ̀ ló wá gbà. Ọ̀sẹ̀ Àjíǹde ni. Àṣàkẹ́ ni alágbàfọ̀ tó ń fọ aṣọ funfun àwọn akọrin ìjọ Áńgílíkà tó wà ní àdúgbò náà. Òun ló ń fi sítáàṣì sí i, òun ló sì ń lọ̀ ọ́ títí yóò fi dúró gan-an bí páálí. Aṣọ pọ̀ lórí okùn lọ́jọ́ náà, gbogbo wọn sì jọra bí ẹyin adìyẹ.

"Àǹtí, ẹ bá mi mú tèmi," ni Máyọ̀kún wí. "Orúkọ mi wà lára ọrùn rẹ̀."

Àṣàkẹ́ kò wo ọrùn aṣọ kankan. Ó wo gíga ọkùnrin náà, ó ní, "Ṣé èyí tí àbẹ́là kán sí lápá ni, àbí èyí tí wọ́n tún ìṣẹ́tí rẹ̀ rán?"

"Mo ní orúkọ mi wà níbẹ̀. Máyọ̀kún."

"Mo gbọ́. Ti àbẹ́là ni àbí ti ìṣẹ́tí?"

Máyọ̀kún tún ojú rẹ̀ wò. Olùkàwé ni nínú ìjọ náà, ẹni tó ń ka Bíbélì sétí ìjọ tó sì ń ṣáájú àdúrà bí àlùfáà kò bá sí nílé. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi yé e. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ ò mọ̀wé ni?"

"Ṣé aṣọ yín ò mọ́ ni?"

Ni ọkùnrin náà bá bú sẹ́rìn-ín. Àmúdàtù, aránṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́, tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá níwájú rẹ̀ kí ó má fi ẹnu kàn án, yọ orí síta. "Bọ̀dá, ẹ gba aṣọ yín kẹ́ ẹ máa lọ o! Ẹnu ọ̀nà yìí kì í ṣe síkúù!"

Ẹ̀rín yẹn ni Àṣàkẹ́ gbé sùn ní yàrá rẹ̀ ní Ìwáyà. Kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀sín. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbọ́ ẹ̀rín ẹ̀sín, ó mọ bó ṣe máa ń dún. Láti kékeré ni wọ́n ti mú un wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti wá ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Ibùdókọ̀ Ìdó ló ti sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú àpò kan, àwọn tó sì gbà á sílé rán ọmọ tiwọn lọ síléèwé, wọ́n kó abọ́ fún un pé kó máa fọ̀. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí. Ó ti mọ bí a ṣe ń fi àìmọ̀wé pamọ́. Bí wọ́n bá fún un ní ìwé, yóò ní ojú ń dun òun. Bí wọ́n bá kọrin nínú ìjọ, yóò ṣí ìwé orin bí gbogbo èèyàn, yóò sì máa gba orin náà lẹ́nu ẹni tó wà níwájú.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Máyọ̀kún tún dé. Kò mú aṣọ dání. Ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ Àmúdàtù, ó fa lẹ́tà kan sórí tábìlì tí Àṣàkẹ́ fi ń lọṣọ.

"Kí nìyí?" ló bi í léèrè.

"Ó jọ àga tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀."

"M ni. Òun ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ mi."

"Ta ló bèèrè orúkọ yín?" ni Àṣàkẹ́ wí, ṣùgbọ́n kò nu lẹ́tà náà nù títí ilẹ̀ fi ṣú.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí Máyọ̀kún bá ti ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, yóò yà níbẹ̀. Yóò kọ ọ̀rọ̀ sórí tábìlì, Àṣàkẹ́ yóò kà á, yóò sì fi aṣọ tútù nù ún kúrò kí aṣọ oníbàárà má baà gba ṣọ́ọ̀kì. Bí ó bá ṣì í kà, Máyọ̀kún kì í bínú. Yóò ní, "Padà sẹ́yìn, adúmáradán mi. Ọ̀rọ̀ náà kò ní sá lọ." Ẹnìkan kò bá Àṣàkẹ́ sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé. Ọkàn rẹ̀ ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ bí sítáàṣì nínú omi gbígbóná, òun náà sì mọ̀ pé ó ń yọ́. Tíṣà mi ló ń pè é. Bí ìfẹ́ wọn ṣe wá wọra tó nì, kò yé pè é ní ẹ̀yin.

Máyọ̀kún ra fóònù kan fún un. Ó ṣí Fesibúùkù sí i, ó fi àwòrán àwọn méjèèjì síbẹ̀: Máyọ̀kún nínú aṣọ funfun ìjọ, Àṣàkẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ìró àdìrẹ. Orúkọ ara rẹ̀ ló fi ṣe pásíwọ́ọ̀dù. "Kí o má baà gbàgbé," ló wí. Àṣàkẹ́ ní báwo lòun ṣe máa gbàgbé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Máyọ̀kún kọ gbólóhùn gígùn sórí tábìlì. Àṣàkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè bí ó ti máa ń ṣe, lẹ́tà lẹ́tà, ọ̀rọ̀ ọ̀rọ̀. "Àṣàkẹ́... ṣé... o... máa..."

Àmúdàtù pariwo láti ṣọ́ọ̀bù kejì. "Yéè! Ó ní ṣé o máa fẹ́ òun! Kà á parí, jọ̀ọ́, mo ti dá ẹ̀rọ mi dúró!"

Àṣàkẹ́ kò lè kà á parí. Omi ti bò ó lójú. Ṣọ́ọ̀kì náà ló gbà lọ́wọ́ Máyọ̀kún, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: Bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyá Máyọ̀kún kò gbà. Òun ni olórí Ẹgbẹ́ Ìyá nínú ìjọ, gbogbo ìjọ ló sì mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ máa tó wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà. "Ṣé àwọn ọmọ tó kàwé ti tán ní Èkó ni?" ló wí. "Lydia tó jẹ́ tíṣà ń kí mi lórí ìkúnlẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ̀ṣẹ̀. Ìyàwó àlùfáà ló ń ka Bíbélì fún àwọn ìyá ìjọ, Máyọ̀kún. Ṣé áyọ́ọ̀nù ni alágbàfọ̀ yìí máa kà sí wa létí?"

"Ó ti mọ̀wé báyìí, màámi. Mo ti kọ́ ọ."

Obìnrin náà gbé ìwé orin fún Àṣàkẹ́ ní pálọ̀ rẹ̀. Àṣàkẹ́ kà á. Ó falẹ̀, òógùn bò ó, ṣùgbọ́n ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá Máyọ̀kún gba ìwé rẹ̀ padà.

"Ó dáa," ló wí. Ojú rẹ̀ kò dáa.

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ìkéde ìgbéyàwó. Ọjọ́ Àìkú mẹ́ta ni ìjọ Áńgílíkà fi ń ké e, kí ẹni tó bá mọ ìdènà kan lè sọ ọ́ kó tó di pé a so tọkọtaya pọ̀. Látìgbà àrùn kòrónà ni ìjọ ti ń gbé ìsìn wọn sí láìfù lórí Fesibúùkù, kò sì sí ibi tí àwọn ọmọ ìjọ kò sí, láti Mushin dé Tòróńtò. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, Fíkà Ambrose, àlùfáà tó ń bójú tó ìjọ náà, dárúkọ àwọn méjèèjì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún dárúkọ wọn. Àṣàkẹ́ dé ilé, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ka ohun tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ kú oríire. Olúwa yóò ṣe é ní àṣeyọrí. Àwọn tí kò mọ̀ rí ń pe orúkọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń kà á.

Àárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìròyìn dé pé wọ́n ti yan obìnrin sí ipò Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ní Kántábúrì, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwòrán obìnrin náà bọ́ sójú fóònù Àṣàkẹ́ bó ṣe ń dúró kí áyọ́ọ̀nù gbóná. Ó kà á. Áńgílíkà, ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìjọ tiwa mà ni, ló wí nínú ara rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, bí ẹbí rẹ bá joyè, o máa kí i. Ó wo bí àwọn èèyàn ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀, òun náà sì fi gbogbo ọ̀sán kọ tirẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ nìyẹn tó kọ sí ẹni tí kì í ṣe Máyọ̀kún.

Ẹ kú oríire, Màmá wa. Èmi Àṣàkẹ́ alágbàfọ̀ ní Àgùdà bá yín yọ̀. Ọlọ́run tó gbé obìnrin ga kò ní jẹ́ kí ẹ ṣubú.

Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀. Kò mọ̀ pé àwọn olórí ìjọ ní Nàìjíríà ti ní àwọn kò gba obìnrin náà ní olórí, pé àwọn àti Kántábúrì ti ń jà látọjọ́ pípẹ́. Ta ni ì bá sọ fún un? Ọmọ ìjọ kan rí i, ó yà á láwòrán, ó jù ú sórí Wasáàpù ìjọ. Kí Àṣàkẹ́ tó pa ṣọ́ọ̀bù dé, ó ti délé dóko.

Ó ka gbogbo rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó kọ́ kò jẹ́ kó lè fo ìkankan.

Hà! Ìyàwó olùkàwé wa ti kó lọ sí Kántábúrì o.

Ẹ má dá a lóhùn, èéfín áyọ́ọ̀nù ló wọ̀ ọ́ lágbárí.

Òun náà fẹ́ jẹ bíṣọ́ọ̀bù ni. Bíṣọ́ọ̀bù Onísítáàṣì ti gbogbo Àgùdà.

Ẹ tún wo ọkọ ẹ̀ nínú àwòrán, tó wọ aṣọ Ọlọ́run tì í! Ṣé irú ẹ̀ lẹ fẹ́ rán lọ síléèwé àlùfáà?

Máyọ̀kún dé láì kí ẹnikẹ́ni. "Gbé fóònù yẹn wá."

"Tíṣà mi, kí ni mo ṣe?"

"Kí lo ṣe? Fíkà ti pè mí. Wọ́n ní àwọn máa yọ orúkọ mi kúrò nínú àwọn tó ń lọ síléèwé àlùfáà. Ta ló ní kó o kọ̀wé?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

Máyọ̀kún já fóònù náà gbà. Ó pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ lórí fóònù, àmọ́ ohun tí wọ́n ti yà kò ṣeé pa rẹ́ mọ́. Àṣàkẹ́ ní kó jẹ́ kóun kọ ọ̀rọ̀ mìíràn, kóun bẹ̀ wọ́n pé òun kò mọ̀ pé ìjà wà níbẹ̀. Máyọ̀kún ní, "Má kọ nǹkan kan mọ́. Fi í sílẹ̀ fún mi."

Láàárọ̀, Àṣàkẹ́ ṣí fóònù rẹ̀. Àwòrán òun àti Máyọ̀kún ti kúrò níbẹ̀, àwòrán òun nìkan ló kù. Ọ̀rọ̀ tuntun sì wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀, tí òun kò kọ.

Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ dárí jì mí. Èmi kò mọ̀wé. Èmi kò mọ lẹ́tà kan ṣoṣo. Ọmọ àdúgbò kan ló bá mi kọ ohun tí ẹ rí, n kò sì mọ ohun tó kọ. Olùkàwé wa kò lọ́wọ́ sí i.

Ó kà á láì padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan. Kò tíì kàwé já gaara bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí Máyọ̀kún dé ní ọ̀sán, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù náà, ọkùnrin ńlá. "Àṣàkẹ́ mi, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ìgbìmọ̀ ìjọ máa pè wá lọ́jọ́ Sátidé. Ìwọ ṣáà sọ pé o ò mọ̀wé. Bó o bá ní o mọ̀ ọ́n, mo di onírọ́, ayé mi bàjẹ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n á ké wa lẹ́ẹ̀kẹta. A ti ṣègbéyàwó nìyẹn, ìfẹ́ mi. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ìwé tó wà láyé, a jọ máa kà á."

Nígbà tó lọ tán, Àmúdàtù dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró.

"O máa sọ ọ́?"

"Bí n kò bá sọ ọ́, mo máa pàdánù rẹ̀."

"Wò ó, ọkùnrin tó ní kó o yọ ojú ẹ sílẹ̀ kóun lè ríran, tó bá ríran tán, ṣé ìwọ ló máa wò?"

"Àmúdàtù, o ò mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ̀ ọ́n."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n mọ̀ ọ́n."

Ọjọ́ Sátidé pé. Fẹ́sìrì ni wọ́n kó wọn sí, yàrá tí àwọn àlùfáà ti ń wọṣọ. Àwọn kásọ́ọ̀kì tí Àṣàkẹ́ lọ̀ wà lára ògiri. Fíkà Ambrose jókòó, àwọn alàgbà méjì wà níbẹ̀, Ìyá Máyọ̀kún sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olórí Ẹgbẹ́ Ìyá. Máyọ̀kún dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Ọmọ mi," ni Fíkà wí, "ṣé ìwọ lo kọ ọ̀rọ̀ yẹn?"

"Rárá, sà."

"Ṣé o mọ̀wé?"

Àṣàkẹ́ wo Máyọ̀kún. Ó rí i tó mi orí díẹ̀, bí ìgbà tó máa ń fún un ní ìgboyà lórí ọ̀rọ̀ tó le. "N kò mọ̀ ọ́n, sà."

"Ẹ jẹ́ ká dá a lójú," ni Ìyá Máyọ̀kún wí. Ó ṣí ìwé orin, ìwé orin ọjọ́sí náà gan-an, ó sì gbé e lé Àṣàkẹ́ lọ́wọ́. Ó dorí rẹ̀ kodò kó tó gbé e lé e lọ́wọ́.

Àṣàkẹ́ rí i lójú kan náà. Àwọn lẹ́tà náà ń dojú dé nílẹ̀ bí aláìsàn, ọwọ́ rẹ̀ sì ń yún un láti yí wọn padà. M tó kọ́kọ́ mọ̀ láyé rẹ̀ ti di W níwájú rẹ̀. Ó fi agbára di ìwé náà mú bẹ́ẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ọn, ó sì jẹ́ kí wọ́n wo òun.

Alàgbà kan fi ọwọ́ bo ẹ̀rín. Èkejì ní, "Ó tó. Ó hàn gbangba."

Fíkà mí kanlẹ̀. "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Máyọ̀kún mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí."

Àyà Àṣàkẹ́ rọ̀. Ó parí, ló wí nínú ara rẹ̀. Ọ̀la ni ìkéde kẹta.

Ìgbà náà ni Ìyá Máyọ̀kún yí sí Fíkà, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. "Ọ̀rọ̀ kan ló kù, Fíkà. Ẹni tí kò mọ òkè ìwé yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ṣé òun ló máa di ìyàwó àlùfáà? Ta ló máa ka Bíbélì fún àwọn ìyá?"

Àwọn alàgbà méjèèjì yíjú sí Fíkà.

"Òótọ́ lẹ sọ," ni Fíkà wí. "Máyọ̀kún, o mọ̀ pé kò mọ̀wé, o sì mú un wá fún ìkéde?"

Àṣàkẹ́ yíjú sí i. Ìyá rẹ̀ mọ òótọ́. Òun náà mọ òótọ́. Gbólóhùn kan ló kù kó sọ: mo kọ́ ọ, ó mọ̀ ọ́n. Àṣàkẹ́ dúró de gbólóhùn náà bí ó ti máa ń dúró dè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì.

Máyọ̀kún wo bàtà rẹ̀. "Mo gbìyànjú láti kọ́ ọ, sà," ló wí. "Kò wọ̀ ọ́ lórí."

Bí wọ́n bá fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé Àṣàkẹ́ lẹ́yìn, kì bá dùn ún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu rẹ̀ là. Orin náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá yí ìwé náà padà tó sì kà á, gbogbo wọn á gbọ́, a ó sì lé Máyọ̀kún jáde kúrò nínú ayé tó ti ń lálàá rẹ̀ látìgbà èwe. Ó tún wò ó. Ó ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Ìyẹn ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ó yí ìwé náà padà kí orí rẹ̀ lè wà lókè, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì jẹ́jẹ́, ó sì jáde. Fíkà Ambrose rí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ó gbé ojú kúrò.

Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn tọkọtaya mìíràn ni wọ́n ké. Àwọn èèyàn ń bèèrè lábẹ́ láìfù pé, Alágbàfọ̀ dà? Ẹnìkan dáhùn pé, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti sá a.

Máyọ̀kún pè é lálẹ́. Ó ń sunkún. Ó ní ìyá òun ni, ó ní Fíkà ni, ó ní kó ní sùúrù fún òun.

"Máyọ̀kún," ni Àṣàkẹ́ wí, "o mọ̀ pé ìyàwó àlùfáà gbọ́dọ̀ mọ̀wé kó o tó kúnlẹ̀ fún mi?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa pè é ní ìwọ. Ó pa fóònù.

Máyọ̀kún wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà. Lẹ́yìn Àjíǹde tó tẹ̀ lé e, ìyá rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé aṣọ funfun tuntun kalẹ̀.

"Alágbàfọ̀ wa, bá mi fi sítáàṣì sí èyí dáadáa. Òun ni Máyọ̀kún máa wọ̀ lọ́jọ́ ìkéde kẹta òun àti Lydia. Mo ti kọ orúkọ ẹ̀ sí ọrùn rẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àmọ́ ìyẹn ò kàn ẹ́."

"Sun iná mọ́ ọn," ni Àmúdàtù wí nígbà tó lọ tán. "Ihò ńlá kan báyìí, ní ìdí."

Àṣàkẹ́ kò sun iná mọ́ ọn. Ó lọ̀ ọ́ láti ọrùn dé ìṣẹ́tí. Kò lọ aṣọ tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ Àìkú náà, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Kò lọ sí ìjọ mọ́. Ó gbé fóònù ti abọ́ sítáàṣì, Àmúdàtù sì fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. Nínú láìfù náà, wọ́n rí Máyọ̀kún ní ìjókòó àwọn olùkàwé, aṣọ rẹ̀ ń tàn yòò. Fíkà Ambrose dìde. Ó dárúkọ Máyọ̀kún, ó dárúkọ Lydia. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìdènà kan tí kò fi yẹ kí a so wọ́n pọ̀, kí ó wí.

Àṣàkẹ́ ti ń kọ̀wé. Kò yára, kò sì ṣi lẹ́tà kankan.

Èmi Àṣàkẹ́ mọ̀wé. Máyọ̀kún ló kọ́ mi.

Ó tẹ̀ ẹ́ lọ. Ọ̀rọ̀ náà hàn lábẹ́ àwòrán, láàárín Ẹ kú oríire àti Ẹ kú oríire. Wọ́n rí Máyọ̀kún tó tẹrí ba. Ọwọ́ rẹ̀ wọ abẹ́ aṣọ funfun náà, ó sì pẹ́ níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ fóònù ń tàn lábẹ́ rẹ̀.

Lójijì, ojú fóònù Àṣàkẹ́ ṣú. Nígbà tó là, kò sí ọ̀rọ̀ mọ́, kò sí àwòrán rẹ̀, kò sí orúkọ rẹ̀. Gbogbo ohun tó ti kọ láti ọjọ́ tó ti mọ̀ọ́kọ ló lọ. Ẹni méjì péré ló mọ pásíwọ́ọ̀dù yẹn.

"Ó ti kà á," ni Àṣàkẹ́ wí.

Nígbà tí Àmúdàtù wá láìfù náà kàn lórí fóònù tirẹ̀, Fíkà ti ń ké fún ìjọ pé kò sí ìdènà, akọrin sì ti gba orin. Fóònù Àṣàkẹ́ ní kó kọ orúkọ rẹ̀ kó tó lè wọlé, bí ẹni pé àlejò ni. Ó gbé e dání, omi ń kán láti ojú rẹ̀ sórí gíláàsì náà.

"Gbé e wá," ni Àmúdàtù wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Jẹ́ kí n bá ẹ kọ ọ́."

"Fi sílẹ̀," ni Àṣàkẹ́ dáhùn. "Ẹnì kan ti bá mi kọ̀wé rí."